Ẹ Wá Bá Wa Kí Ogún-nínú-Ọgọ́rùn-ún

Ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 2026 ni a dìbò aṣòfin ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tí CENA, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, ka èsì jáde, ẹgbẹ́ méjì péré ló pín àga 109 tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ájàṣẹ́. Union Progressiste le Renouveau (UP-R) kó 60, Bloc Républicain (BR) kó 49. Les Démocrates, ẹgbẹ́ alátakò, rí ìbò bíi 16 nínú ọgọ́rùn-ún káàkiri ìlú, kò sì rí ẹyọ àga kan. Ẹnikẹ́ni kò fagi lé ìbò yẹn. Wọ́n kà á, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n kéde rẹ̀, a sì gbọ́ ọ ní Manigri, ìlú wa, bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ ní Kùtọnu. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí kò jẹ́ kó wọlé. Ẹni náà ni mo fẹ́ kì lónìí.

Yorùbá kì í kì akọni nìkan. A ní oríkì fún ọ̀bọ, a ní fún ẹranko tó ń pa ẹran ẹlẹ́ran jẹ. Àwọn ará Kétu a máa lo alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́jọ́ kejì, láti fi orin sọ ìwà ẹni tó ba ìlú jẹ́ síta, ẹni náà yóò sì wà lójú agbo, yóò gbọ́ ọ tán. Irú iṣẹ́ yẹn ni mo gbà ṣe. Gbogbo orúkọ tí n ó pe ẹni yìí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi gbà á. N kò ní bù mọ́ ọn, n kò sì ní dín in kù.

Ogún-nínú-Ọgọ́rùn-ún, mo kí ọ o!
Mo kí ọ kí n tó jókòó, mo kí ọ kí n tó mumi.
Ọmọ òfin, ọmọ oṣù kẹta ọdún 2024,
ọmọ tí wọ́n bí l'Ájàṣẹ́, tó dé Bassila láìfẹsẹ̀ tẹ ọ̀nà.
Mẹ́wàá lẹ̀gbọ́n rẹ, Mẹ́wàá lo bá nílé;
Mẹ́wàá ń ka ìlú pọ̀, Mẹ́wàá ń wo àpapọ̀.
O dé, o ní Mẹ́wàá ti rọ̀ jù,
o fa àga yọ nídìí ẹ̀gbọ́n, o fi ìdí ara rẹ lé e.
Aṣọ́nà ilé aṣòfin, onílẹ̀kùn irin,
mẹ́rìndínlógún kan ilẹ̀kùn, o ní wọn ò pé.
Mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún!
Wọn kì í ṣe ará agboolé kan,
wọn kì í ṣe ará àdúgbò kan.
Bí a bá pín 109 bí ìbò ṣe rí,
wọn ìbá gbà tó mẹ́tàdínlógún;
ìwọ pín in ní tìrẹ, wọ́n gba òfo.
Apani-má-yọ̀bẹ,
o pa ìbò, a ò rẹ́jẹ̀,
o sin ín, a ò rí sàréè,
o tún ní kí ẹbí wá yẹ ìwé wò,
kí wọ́n rí i pé orúkọ òkú pé.
Ogún-nínú-Ọgọ́rùn-ún, ẹ̀rù rẹ bà mí,
ojú rẹ ni mo sì ń wò yìí.

Ẹ jẹ́ kí n la bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bẹ̀nẹ̀ pín sí àgbègbè ìdìbò 24. Lábẹ́ òfin ọdún 2019, ẹgbẹ́ tó bá rí ìbò 10 nínú ọgọ́rùn-ún ní gbogbo ìlú lápapọ̀ ti wà lára àwọn tí wọ́n ń pín àga fún. Òfin yẹn ni a fi dìbò ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 2023. Ẹgbẹ́ méje ló jáde, mẹ́ta ló wọlé: UP-R mú 53, BR mú 28, Les Démocrates mú 28. Ọdún kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n yí i padà. Nísinsìnyí, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ rí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan, láti Malanville létí odò Ọya títí dé Grand-Popo létí òkun. Wọn kò wo àpapọ̀ mọ́. Wọn kò wo ibi tó pọ̀ jù. Ibi 24 ni, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹgbẹ́ kan rí 60 lọ́dọ̀ wa, kó rí 50 ní Parakou, kó wá rí 19 ní àgbègbè kan péré nísàlẹ̀ ọ̀hún, òfo ni gbogbo rẹ̀, ẹni tí àwọn tó pọ̀ jù yàn lọ́dọ̀ wa kò sì ní lọ sí Àjàṣẹ́. Ihò kan ṣoṣo ni wọ́n fi sára ògiri náà. Àwọn ẹgbẹ́ tó bá ti fọwọ́ sí àdéhùn pọ̀ kí ọjọ́ ìdìbò tó dé lè da ìbò wọn pọ̀ kí wọ́n fi dé ogún, bí oníkálukú wọn bá ti ní 10 ní gbogbo ìlú. Ẹni tó bá ní alájọṣe rí ibi gbà. Ẹni tó ń dá ta kò, ìta ni yóò wà.

Ní Manigri, nígbà tí kajú bá dé, àgbẹ̀ mọ ohun tí òṣùwọ̀n jẹ́. Kí oníṣòwò kan wá sọ fún un pé ọjà 24 ni yóò gbé kajú rẹ̀ dé, pé ogún kílò ni yóò wọ̀n ní ọjà kọ̀ọ̀kan, pé bó bá dín ní ọjà kan, gbogbo èyí tó ti wọ̀n ní ọjà yòókù di ti oníṣòwò láìsanwó. Àgbẹ̀ náà yóò kó àpò rẹ̀ kúrò nílẹ̀, yóò sì béèrè ilé tí ọkùnrin náà ti jáde wá. Ìbò kò ní oníbàárà mìíràn tí a lè kó o tọ̀ lọ. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà mọ irú ẹni tí à ń kì yìí, ṣùgbọ́n aṣọ mìíràn ló ń wọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní ọdún 1812, gómìnà Massachusetts, Elbridge Gerry, fọwọ́ sí àwòrán àgbègbè ìdìbò kan tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, láti ìgbà náà ni orúkọ rẹ̀ ti di orúkọ àrékérekè ọ̀hún. Ní ọdún 2025, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Texas tún ààlà àgbègbè ìdìbò Kóńgírẹ́ẹ̀sì fà láìdúró de ìkànìyàn tó ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ Republican lè fi àga márùn-ún kún tirẹ̀. Àwọn aṣòfin Democrat sá jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ náà kí ìjókòó má baà pé, síbẹ̀ òfin náà kọjá. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, àwọn olùdìbò California gbà kí wọ́n fa ààlà tiwọn náà padà láti fi gbẹ̀san. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá fẹ́ kó àga jọ a mú gègé, a sì fi pín ilẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, wọn kò fọwọ́ kan ilẹ̀. Àgbègbè 24 tí a ti ń lò láti ọdún 1999 ṣì wà níbi tó wà. Ìṣirò ni wọ́n tún fà. Lójú tèmi, tiwa burú ju ti Texas lọ, nítorí ẹni tí wọ́n fa ààlà gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjá lè tẹ́ àwòrán sílẹ̀, kó fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti yà á kúrò lára àwọn èèyàn rẹ̀, kó sì gbé e lọ sí kóòtù. Ẹni tí wọ́n fi ìṣirò lé jáde, kí ni yóò fi ìka tọ́ka sí?

Èmi kò sọ pé ààlà tiwa gún o. Ilẹ̀ Bassila fẹ̀ ju 5,600 kìlómítà níbùú lóòró lọ, èèyàn inú rẹ̀ sì ti lé ní 130,000 nígbà ìkànìyàn ọdún 2013. Ọ̀nà mẹ́rin ló pín sí: Alédjo, Bassila, Manigri, Pénéssoulou. Anii ni èdè onílẹ̀ ní Bassila, Kotokoli pọ̀ ní Alédjo, Nàgó ni tiwa ní Manigri, Fúlàní sì wà ká gbogbo igbó. Bí a bá fẹ́ dìbò aṣòfin, wọn a so wá pọ̀ mọ́ Ouaké àti Copargo, kí a jọ di àgbègbè kẹrìnlá. Ará Manigri tó bá fẹ́ lọ bá olùdìbò ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Copargo sọ̀rọ̀ yóò gba ọ̀nà ọ̀dà lọ sí àríwá, yóò la Djougou já, bẹ́ẹ̀ Djougou kì í ṣe ara àgbègbè rẹ̀. Djougou dá dúró ní tirẹ̀. Bàǹtẹ̀ wà ní gúúsù wa lójú ọ̀nà kan náà, èdè wọn sún mọ́ tiwa débi tí a kò nílò ògbufọ̀, ṣùgbọ́n ẹkùn Collines ni wọ́n wà, àgbègbè ìdìbò kẹsàn-án, pẹ̀lú Ìdáàṣà àti Savalou. Kambolé tó ń sọ èdè Manigri gan-an ti bọ́ sí Tógò láti ìgbà tí òyìnbó ti pín ilẹ̀. Àní ẹkùn Donga tí wọ́n fi wá sí ní ọdún 1999, ọdún 2016 ni wọ́n tó sọ pé Djougou ni olú-ìlú rẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, Natitingou ni ìwé wa ń lọ.

N kò ní kí gbogbo Nàgó lọ kóra jọ sójú kan. Ibi tí èèyàn ń gbé ni ìbò rẹ̀ wà. Ará Anii ni aládùúgbò wa, a jọ ń fẹ́ra, a jọ ń sin òkú, a sì jọ ń tọrọ omi ẹ̀rọ lọ́wọ́ ìjọba kan náà. Ààlà tí kò bá wa lára mu, a gbà á, a fi ọgbọ́n gbé inú rẹ̀, a kò torí rẹ̀ ja ìjà. Àwa tí a ti ṣe ìyẹn ni wọ́n wá rán Ogún-nínú-Ọgọ́rùn-ún sí pé kó wá kọ́ wa ní ìṣọ̀kan.

Olùkọ́ ìṣọ̀kan, mo kí ọ!
Olùkọ́ tí kò gbédè ọmọ iléèwé.
Anii kí ọ, o ò jẹ́.
Kotokoli kí ọ, o ò jẹ́.
Nàgó dọ̀bálẹ̀ kí ọ, o wo àárín ẹ̀yìn rẹ̀, o ń kà.
Ìṣirò nìkan lo gbọ́, ìṣirò nìkan lo ń dá lóhùn.
Arìnrìn-àjò ibi mẹ́rìnlélógún,
o dé Malanville, o ní kí wọ́n wọn ogún.
O dé Natitingou lábẹ́ òkè, o ní kí wọ́n wọn ogún.
O dé Kétu Alákétu, o ní kí wọ́n wọn ogún.
O dé Àbọ̀mẹ̀, o dé Lokossa, ogún ni, ogún náà ni.
Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n pé ní mẹ́tàlélógún,
tó wá dín ẹyọ kan níbi kan,
o dà á nù níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún.
A-fi-ẹ̀ṣẹ̀-Mono-jẹ-Bassila-níyà!
A-fi-àìtó-ìsàlẹ̀-gba-ti-òkè!
Kí ni ará Pénéssoulou mọ̀ nípa ìbò Athiémé?
Kí ni ará Athiémé ṣe fún Pénéssoulou?
Ìwọ lo so wọ́n lọ́rùn pọ̀,
o ní bí ọ̀kan bá kọsẹ̀, kí èkejì ṣubú,
o ní ìfẹ́ ìlú nìyẹn.

Àwọn tó gbé òfin náà jáde ní àwíjàre, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Kí ọdún 2018 tó dé, ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà nínú ìwé ní Bẹ̀nẹ̀ lé ní 200. Ọlọ́rọ̀ kan á dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀, á fi kó àga kan tàbí méjì, á sì gbé e tọ ẹni tó bá wà lórí oyè lọ. Ẹgbẹ́ tí kò ní èèyàn ju ní ẹkùn kan lọ lè mú kí ẹ̀yà kan máa wo èkejì bí ọ̀tá. Mo gbà pé àrùn ni. Ṣùgbọ́n oògùn rẹ̀ ti wà: òfin ẹgbẹ́ ọdún 2018, àti 10 nínú ọgọ́rùn-ún ọdún 2019. Àwọn tó lé ní 200 di méje lórí ìwé ìbò ọdún 2023, àwọn méje di mẹ́ta nílé aṣòfin. Kí ló wá kù tí ogún fẹ́ wò sàn? Ẹ ṣírò rẹ̀ bó ṣe wù yín, àrùn kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù nínú ilé yẹn lójú ẹni tó ṣe òfin, àrùn náà sì ni ẹgbẹ́ kẹta.

A sì ti mọ ohun tó ń tẹ̀lé e nígbà tí ilé bá ku ẹgbẹ́ méjì. Ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2019, ẹgbẹ́ méjì péré ni wọ́n gbà láàyè kí ó jáde du àga 83 tó wà nígbà náà, wọ́n sì pa íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ ìdìbò. Àwọn tó dìbò kò tó 3 nínú 10. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbọn dún ní Kùtọnu, èèyàn kú. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ ìṣirò lásán ni. Ní ọdún 2026, àwọn tó dìbò kò tó 4 nínú 10. Àwọn yòókù jókòó sílé.

Ogún-nínú-Ọgọ́rùn-ún tún ní àbúrò. Òfin ọdún 2024 kan náà ló bí wọn. Àbúrò yìí ní kí ẹni tó bá fẹ́ du ipò ààrẹ mú ìfọwọ́sí aṣòfin tàbí olórí ìjọba ìbílẹ̀ 28 wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Les Démocrates ní aṣòfin 28 géérégé. Ọ̀kan fa tirẹ̀ yọ. Ó ku 27, ó parí síbẹ̀, ẹgbẹ́ náà kò ní olùdíje.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní. Kíláàsì iléèwé kan ní Manigri ni wọ́n ti ka ìbò wa. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku wà lórí tábìlì, ìtànná kajú ti ń yọ lẹ́yìn ọgbà. Wọ́n da àpótí sílẹ̀ lójú gbogbo wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ṣí ìwé ìbò lọ́kọ̀ọ̀kan, á gbé e sókè kí a rí ibi tí olùdìbò tẹ̀, á pe ẹgbẹ́. Tó bá jẹ́ UP-R, àwọn ọmọdé ojú fèrèsé á ti pariwo "Oṣè!" nítorí igi oṣè ni àmì rẹ̀, tó bá jẹ́ BR, wọn á ní "Ẹṣin!" Ọmọbìnrin tó jókòó nítòsí ń fa igi síwèé: mẹ́rin ní ìnàró, ìkarùn-ún á dá wọn lábùú. Kò yára. Bí ìwé kan bá rú u lójú, ó máa ń ní kí wọ́n gbé e sún mọ́ ọn, á wò ó, á tó fa igi. Ìyá àgbà kan tí yíǹkì ṣì dúdú lórí ìka rẹ̀ na ọrùn wọlé láti ojú fèrèsé.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ ti fa tèmi?"

"A ti fà á, ìyá. Kò sí èyí tí a fò."

"Ẹ ṣé o. Ọlọ́run á bá yín ṣe é."

Ó yíjú padà, ó ń lọ sílé. Òótọ́ sì ni ọmọbìnrin náà sọ. N kò mọ ẹni tí ìyá náà dìbò fún, n kò sì ní béèrè. Bó bá jẹ́ Oṣè tàbí Ẹṣin, igi tí wọ́n fà fún un ti di ara àga kan l'Ájàṣẹ́. Bó bá jẹ́ Les Démocrates, igi náà wà nínú ìwé, ó gún, ó hàn ketekete, ọmọ tó fà á kò ṣe àṣìṣe kankan, àwọn tó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì ní lò ó fún ohunkóhun. Àwọn ọmọ yẹn jókòó láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn bí iṣẹ́. Àwọn tó kọ òfin tí wọ́n fi dà á nù ni kò ṣe tiwọn.

Ó wá ku àwọn tó jókòó sórí àga. Ẹnì kan pàtó kọ́ ni mò ń bá wí. Irú rẹ̀ wà ní àgbègbè mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún, ẹni tó bá sì mọ̀ pé òun kò rí bẹ́ẹ̀ kó má gbé e sọ́rùn.

Onórébù, mo rí ọ o!
Atọrọ-ìbò-lọ́jọ́-kan-gbàgbé-lọ́dún-méje.
Márùn-ún la kọ́kọ́ gbọ́, o ní márùn-ún kò tó ọ ṣiṣẹ́;
lóṣù kọkànlá ọdún 2025, ẹ tún ìwé òfin àgbà kọ,
ẹ fi méjì kún un fún ara yín àti fún ààrẹ.
Lọ́jọ́ náà, 90 ní bẹ́ẹ̀ ni,
19 dìde, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ kọ́.
Onórébù, níbo ni 19 wà lónìí?
Oṣè lọ́tùn-ún, Ẹṣin lósì,
Ẹṣin ń sinmi lábẹ́ Oṣè, Oṣè ń ṣíji bo Ẹṣin,
ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín, ẹ dá ara yín lóhùn,
ẹ yẹ ara yín wò, ẹ rí i pé ara yín dá.
Ìsúná dé, ta ni yóò tú u wò?
Gbèsè dé, ta ni yóò béèrè iye rẹ̀?
Òfin kajú dé, tí wọ́n ní a kò gbọ́dọ̀ ta á tútù sókè òkun mọ́,
ta ni yóò dìde nínú ẹ̀yin mọ́kàndínláàádọ́fà
kó ní àgbẹ̀ Manigri ní ọ̀rọ̀ láti sọ?
Ajókòó-láìníyàn-jíjà,
ẹni tí kò sẹ́ni tó máa já a ní koro.
A ò ní kó o ṣubú o.
A ò gbé ọ ṣépè, ọmọ wa ni ọ́,
omi tí a mu la fún ọ mu, oúnjẹ tí a jẹ la bù fún ọ.
A fẹ́ kó o rántí pé àwọn kan dìbò lòdì sí ọ ní Bassila,
wọ́n dìbò lòdì sí ọ ní Copargo àti Ouaké,
wọ́n sì jẹ́ ará ibẹ̀ síbẹ̀,
ọ̀nà wọn bàjẹ́ bí ọ̀nà àwọn tó yàn ọ́,
ọmọ wọn ń lọ iléèwé kan náà.
Ta ni wọ́n máa rán sí Àjàṣẹ́?

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kí ẹgbẹ́ tó kùnà lọ múra sí i, kó wá èèyàn sí i, ìgbà mìíràn á dára. Ìgbà mìíràn yẹn, ọdún 2033 ni. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kìíní lónìí yóò ti jáde níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà tó na ọrùn wọlé láti ojú fèrèsé kò lè fi ọdún méje ṣeré. Ẹgbẹ́ tí kò sì ní aṣòfin kan fún ọdún méje, níbo ni yóò ti rí ìfọwọ́sí tí wọ́n ń béèrè? Ibo ni yóò ti sọ̀rọ̀ tí ará Karimama yóò fi gbọ́ ọ, tí yóò fi rí ogún rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn? Òfin náà ti ẹni tó wà níta mọ́ta, ó sì gba àkàbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò yẹ kí a dákẹ́ di ìgbà náà. Abala 146 nínú òfin ìdìbò ni Ogún-nínú-Ọgọ́rùn-ún ń gbé. Òfin lásán ni. Kì í ṣe ìwé òfin àgbà. Àwọn tó gbé e síbẹ̀ lè yọ ọ́ níbẹ̀ ní ìjókòó kan. Kí wọ́n dá 10 lápapọ̀ padà, èyí tó ti ṣiṣẹ́ ní ọdún 2023. Bí ìyẹn bá le jù lójú wọn, ó kéré tán, kí wọ́n jẹ́ kí ìbò àgbègbè kọ̀ọ̀kan dúró fún àgbègbè náà, kó jẹ́ pé ohun tí Bassila, Copargo àti Ouaké bá wí ni wọn yóò fi pín àga àgbègbè kẹrìnlá, láìwo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Athiémé.

Àwọn aṣòfin wa á máa wá kí wa, nígbà ọdún, nígbà òkú, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣí ẹ̀rọ omi. Ẹ gbà wọ́n dáadáa, ẹ fún wọn níjòókòó, ẹ fún wọn lómi. Kí àgbà kan ní Manigri-Oké tàbí Manigri-Ikanni wá bi wọ́n lójú gbogbo ìlú pé, "Ẹ̀yin ọmọ wa, ọjọ́ wo lẹ máa gbé abala 146 wá síwájú ilé?" Kí wọ́n dá ọjọ́. Kí ọmọ iléèwé kan kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá kọjá tí wọn kò gbé e wá, ẹ pe èmi àti onílù, n ó tún kì wọ́n.